Síkánà Kékeré Tó Ń Ka Ohun Tí Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù Ń Sọ: Ọdún Kan Tí Mo Ti Ń Lò Ó

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mò ń wa ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ láti Bódìjà lọ sí Mọníyà, iná pupa kékeré kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwòrán rẹ̀ dà bí ike ọ́ìlì tí nǹkan ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ilé kò jìnnà mọ́, àti pé tí mo bá délé ni n ó pe mẹkáníìkì. Kí n tó dé Mọníyà, ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò, kò, kò, bí ẹni ń fi òòlù lu irin, nígbà tó sì ṣe díẹ̀ ó kú sójú ọ̀nà, kò jí mọ́. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni a fi pààrọ̀ rẹ̀, owó tó sì bá a lọ kò kéré rárá. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọkọ̀ yẹn ti kìlọ̀ fún mi. Ó kìlọ̀ kedere, èmi ni n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ká mi lára, òun náà ló sì mú mi ra ohun tí mo fẹ́ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ níbí: síkánà kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí a ń kì bọ ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sì ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. ELM327 ni orúkọ tí àwọn tó ń tà á ń pè é. ₦9,000 ni mo ra tèmi, mo sì ti lò ó fún ọdún kan gbáko nínú Toyota Corolla 2005, irú èyí tó wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, tí a ń rí káàkiri ìgboro Ìbàdàn. N kì í ṣe mẹkáníìkì. Olùkọ́ ni mí, ohun tí mo sì fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà kò ju pé kí ó jẹ́ kí n mọ ohun tí ọkọ̀ mi ń sọ kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe.

Kí n tó sọ bí ó ṣe ṣe sí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí kò ti wúlò, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Àwọ̀ iná ni ó yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù kàn ń sọ pé nǹkan kan wà ní títàn ni, bí iná iwájú tàbí iná tí a fi ń yà. Àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé nǹkan kan ń bàjẹ́ lọ, kí a wá àyè wò ó láìpẹ́. Pupa ní tirẹ̀ ń sọ pé kí a wá ibi tí kò léwu, kí a dúró. Nígbà tí iná ọ́ìlì pupa bá tàn tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ nìkan ló ń sọ, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò. Agbára tí ọ́ìlì fi ń dé ibi tí irin ti ń yí lórí irin ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì lè pé lójú ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n ọ́n, kí pọ́ǹpù tó ń tì í lọ sókè má sì ṣiṣẹ́ mọ́, iná yẹn yóò tàn bákan náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló lè wà láàrin títàn rẹ̀ àti ikú ẹ́ńjìnnì, èmi fúnra mi sì ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹni tó bá rí i tó wá ń wá fóònù àti síkánà kiri nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, àkókò ló ń fi ṣòfò. Nínú Corolla tèmi yìí, àní síkánà kò ní rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀, nítorí pé iná náà kò ní kóòdù, ìyẹn nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é.

Iná bátìrì tún ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí ó bá tàn nígbà tí a ń wa ọkọ̀, kì í sábà jẹ́ pé bátìrì ló bàjẹ́. Ọ̀tánétọ̀ ni kò gbé iná wá mọ́, tàbí kí bẹ́líìtì tó ń yí i ti já. Nínú Corolla yìí, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí ọ̀tánétọ̀ àti pọ́ǹpù omi, nítorí náà bí iná bátìrì bá tàn tí ọwọ́ ìwọ̀n ìgbóná sì ń gòkè, bẹ́líìtì ló ti já yẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ní ti iná bíréèkì, bí kì í bá ṣe pé a gbàgbé bíréèkì ọwọ́ sókè, omi bíréèkì ló sábà máa ń lọ sílẹ̀. Bí bíréèkì páàdì bá ti jẹ tán, omi náà a máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjò, nítorí náà ẹni tó kàn bu omi kún un láìwo páàdì kò tíì wo àìsàn náà.

Iná tí wọ́n ṣe síkánà yìí fún gan-an ni ti àwọ̀ ìyeyè tó dà bí ẹ́ńjìnnì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì. Ìtàn rẹ̀ dára láti mọ̀, nítorí ó ń ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ fi lè máa sáré geere tí iná náà sì wà ní títàn. Òfin èéfín ló bí i. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọdún 1996 síwájú gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ohun tó ń jáde ní sáléńsà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ihò kan tí gbogbo síkánà lè bọ̀, ihò tó ní àyè wáyà 16. Àwọn ará Yúróòpù tẹ̀lé e, ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù àti 2004 fún èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Nípa bẹ́ẹ̀, tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, tí kò bá dàgbà ju 1996 lọ, ihò náà wà níbẹ̀. Nínú tèmi, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, lókè ibi tí ẹsẹ̀ mi ń gbé. Mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí i nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro lò. Mo ki síkánà bọ ihò, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtíì sí ẹ́ńjìnnì, mo tan Bluetooth fóònù, mo tẹ 1234, mo sì ṣí áàpù tó ń ka kóòdù lórí fóònù. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó bá ń lo iPhone ní láti ṣọ́ra, nítorí pé èyí tó ń lo Bluetooth àtijọ́ kò ní bá fóònù náà sọ̀rọ̀. Èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí Bluetooth tuntun ni kí ó béèrè. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùrà mọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà ló ṣe ELM327 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀kùn ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì dà á kọ láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tó wà ní ọjà wa ni àdàkọ, tèmi náà sì wà lára wọn. Wọ́n kọ 2.1 sí i lára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kò tó ti 2.1. Fún ohun tí mo nílò, ó tó mi. Ẹni tó bá rí èyí tí wọ́n kọ 1.5 sí lára kí ó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà kò ṣe ẹ̀dà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí síkánà yìí san owó tí mo fi rà á padà ni ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀. Bí mo ṣe ń gòkè kúrò ní Ìwó Road ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì sì ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Èyí yàtọ̀ sí pé kí ó tàn kó dúró. Nígbà tí ó bá ń ṣẹ́jú báyìí, ohun tó ń sọ ni pé epo ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá láìjó, ó sì ń lọ jó nínú kátálístì, ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sáléńsà, èyí tó lè mú kí kátálístì náà gbóná títí yóò fi yọ́. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ki síkánà bọ̀ ọ́. Kóòdù kan ṣoṣo ló gbé wá: P0303.

Kóòdù náà ní ìtumọ̀ tó gún régé bí a bá mọ bí a ṣe ń kà á. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti gíà. B jẹ́ ti ara ọkọ̀, C jẹ́ ti ẹsẹ̀ àti bíréèkì, U sì jẹ́ ti àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ nígbà tí wọn kò bá gbọ́ ara wọn mọ́. 03 tó tẹ̀lé e níhìn-ín ń sọ pé iná kò gba epo dáadáa. Nọ́mbà tó gbẹ̀yìn ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn sìlíńdà kẹta. Ohun tí mẹkáníìkì wa máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń fi plọ́ọ̀gì mẹ́ta ṣiṣẹ́ náà ni, síkánà kàn sọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo rọra wa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi tí kò jìnnà sílé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìbejì.

“Ẹ káàárọ̀ sà.”

“Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mí. Ṣé kò sí o? Ẹ tètè jí lónìí.”

Mo ní kí ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan tó fi sọ pé kọ́ìlì ni, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná. Mo gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi, nítorí pé kò ní síkánà kankan, etí rẹ̀ ló lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni pé kí a pààrọ̀ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ plọ́ọ̀gì, kí ọkàn lè balẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” mo wí fún un, “ẹ má bínú o. Nọ́mbà tó gbé wá ń tọ́ka sí ìkẹta nìkan. Ṣé a lè gbé kọ́ìlì ìkẹta sí ìkejì, kí a gbé ti ìkejì wá síbẹ̀, kí a wá wò ó bóyá nọ́mbà náà yóò bá a lọ?”

Ó wò mí. Ó wo fóònù tí mo gbé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó mú sípánà 10 wá. Ọmọ náà tú bóòtì kọ́ìlì méjèèjì, ó fà wọ́n yọ, ó fi èyí sí ibi ìyẹn, ó sì dì wọ́n padà. Mo pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, wọ́n sí ẹ́ńjìnnì, a sì jẹ́ kó gbọ̀n níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo tún un wò, P0302 ló wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì tẹjú mọ́ ọn. “Ó bá a lọ lóòótọ́,” ó wí.

Kọ́ìlì kan ni a rà ní ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, a kò ra mẹ́rin. Plọ́ọ̀gì tí a yọ wò ṣì dára, a dá a padà. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò tún gbọ̀n mọ́. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà á pé síkánà kọ́ ló wo ọkọ̀ náà sàn, àti pé etí Bàbá Ìbejì ti gbọ́ ohun tó tọ́. Ohun tí síkánà ṣe ni pé ó fún wa ní ẹ̀rí tí àwa méjèèjì lè jọ wò, ọ̀rọ̀ kò sì dá lórí bóyá mo gbà á gbọ́ tàbí n kò gbà á gbọ́ mọ́. Èmi kà á sí iyì ńlá fún ẹ̀rọ ₦9,000.

Apá kejì tó wúlò jù ni ibi tí áàpù ti ń fi nọ́mbà hàn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí ibẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ mi kò ní tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ tutù nínú rédíétọ̀ títí yóò fi gbóná tó. Ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ti sáré fún ohun tó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, omi ẹ́ńjìnnì wà ní 64°C, ó gòkè sí 67°C, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kí omi tó tó nǹkan bí 80°C sí 84°C, nítorí náà bí ó bá wà níbẹ̀, omi kò lè tutù tó báyẹn lórí ìrìn gígùn. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì tàn pẹ̀lú P0128, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ibi tó yẹ kó dé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí ni pé mẹkáníìkì tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ilẹ̀ olóoru kò nílò tẹ́mósítáàtì, wọn a yọ ọ́ dànù ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá gbóná, wọn a sì rò pé ire ni wọ́n ṣe fún oníbàárà. Ire kọ́ ni. Nígbà tí omi kò bá gbóná tó, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì a máa rò pé òwúrọ̀ ni, pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, a sì máa da epo lé epo. Mo ra tẹ́mósítáàtì tuntun, Bàbá Ìbejì fi sí i, omi sì dúró láàrin 86°C sí 90°C láti ọjọ́ náà. Epo tí mo ń rà láti lọ sí Èkó kí n sì padà dín kù dé ibi tí mo fi ojú ara mi rí i ní ilé epo. Ní àkókò tí epo wọ́n báyìí, ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ilé olùkọ́.

Ibi tí ó yẹ kí n ti kìlọ̀ gan-an ni èyí: kóòdù kì í ṣe orúkọ ohun tí a ó lọ rà. Kí n tó mọ ìyàtọ̀ yìí, mo ti gbé ọkọ̀ lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń síkáànì, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n rí P0171, wọ́n sì ta sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni iná náà fi sinmi, ó tún tàn. P0171 kàn ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo lọ. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló gbé ìròyìn náà wá, wọ́n wá yọ ẹni tó jíṣẹ́ dànù. Nígbà tí mo ní síkánà tèmi, mo wo nọ́mbà tó ń sọ iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un láti fi tún nǹkan ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró lójú kan, ó ń fi 22% kún un. Bí ọmọ mi bá tẹ iná fún un títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní ìgbà 2,500 láàrin ìṣẹ́jú kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí 6%. Bí ó bá rí báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé láti ibi tí kò yẹ, nítorí pé ihò kékeré a máa ṣe pàtàkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀, kì í sì í já mọ́ nǹkan nígbà tó bá ń mí púpọ̀. Rọ́bà kékeré kan tó ti là lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni a rí. Owó rẹ̀ kò tó owó epo ọjọ́ kan.

Mo ní ẹ̀dùn mélòó kan sí ẹ̀rọ náà. Kò lè ka iná ABS, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, kò lè ka iná èábáàgì, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tàn, síkánà ńlá tí rewáyà tàbí mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ ń lò ni yóò kà á. Iná ABS tó tàn láìsí iná bíréèkì pupa ń sọ pé bíréèkì ṣì ń mú, ṣùgbọ́n pé táyà lè há gbagidi lórí ọ̀nà tí omi bá wà. Iná èábáàgì ń sọ pé àpò náà lè má yọ ní ọjọ́ ìjàǹbá. Lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bluetooth rẹ̀ já sílẹ̀ nígbà tí mò ń wo nọ́mbà lójú ọ̀nà, ó sì di dandan kí n yọ ọ́ kí n tún kì í bọ̀ ọ́. Bákan náà, ihò yẹn ń gba iná tààrà láti ara bátìrì, àní nígbà tí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí mo rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí mo sì dé, ọkọ̀ kò lè sí. Láti ìgbà náà, inú àpò ìwé mi ló ń gbé.

Bọ́tìnì tí a fi ń pa kóòdù rẹ́ ni mo fẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rù. Mo mọ àwọn tó rà á nítorí bọ́tìnì yẹn nìkan. Iná tàn, wọ́n tẹ bọ́tìnì, iná kú, ọkàn wọn balẹ̀. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Bí a bá ti pa kóòdù rẹ́, àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe nípa ìṣẹ́jú tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ti lọ nìyẹn: bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí omi ṣe gbóná tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó. Mẹkáníìkì tó bá mọ̀ ọ́n kà nílò gbogbo rẹ̀. Bí a bá sì ti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe ní tòótọ́, iná náà yóò kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà bá ṣàyẹ̀wò tí kò rí àṣìṣe. Kí a kọ kóòdù sílẹ̀ ná kí a tó fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn.

Ibi tí n kò rò pé síkánà yóò ti wúlò ni ọjọ́ tí àbúrò mi fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ náà ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́, kò sí iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní kí ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtíì sí ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí gbogbo iná ìkìlọ̀ tàn pọ̀ ní àkókò yẹn, nítorí pé ọkọ̀ ń dán gílóòbù wọn wò. Ọ́ìlì tàn, bátìrì tàn, èábáàgì tàn. Ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì kò tàn. Ẹni tó ń tà á ní àìsàn kékeré ni, pé gílóòbù ló jó. Mo ki síkánà bọ̀ ọ́, lójú áàpù sì ni a ti rí i pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń pàṣẹ pé kí iná náà tàn, pẹ̀lú kóòdù mẹ́ta tó wà nílẹ̀, P0420 sì wà lára wọn, ìyẹn kóòdù tó máa ń yọ nígbà tí kátálístì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ tàbí tí wọ́n ti gé e lọ tà. Ẹnì kan ti yọ gílóòbù kúrò kí olùrà má bàa rí i. Àbúrò mi dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ìdánwò kọ́kọ́rọ́ yìí kò gba síkánà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni, kí gbogbo ẹni tó ń ra ọkọ̀ sì ṣe é.

Ẹni tó ní ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá sókè, tó sì ní mẹkáníìkì tó gbà kí a jọ wo nǹkan pọ̀, mo gbà á nímọ̀ràn láti rà á. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí iná MAINT REQD tàn lọ kò nílò rẹ̀. Ìránnilétí pé àkókò pípààrọ̀ ọ́ìlì ti tó ni iná yẹn jẹ́ nínú àwọn Toyota tó wá láti Amẹ́ríkà, kì í ṣe àìsàn, mo sì mọ ẹni tó sanwó síkáànì nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ABS tàbí èábáàgì ń dààmú, kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ fún síkánà tó lè kà wọ́n.

Àléébù tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti èdè. Gbogbo àlàyé kóòdù inú áàpù ló wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ẹnjiníà sì ni, tí ẹni tó lọ sí ilé ìwé gíga gan-an lè kà kó má yé e. Bàbá Ìbejì mọ ẹ́ńjìnnì ju mí lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ èmi ni mo ń ka fóònù fún un. Mo wá ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtumọ̀ sínú rẹ̀ bí kóòdù kọ̀ọ̀kan ṣe ń wá. P0300, iná kò gba epo, sìlíńdà ju ọ̀kan lọ. P0171, afẹ́fẹ́ ju epo lọ, kọ́kọ́ wo rọ́bà. P0128, omi kò gbóná tó, wo tẹ́mósítáàtì. P0455, atẹ́gùn epo ń jò púpọ̀ láti táǹkì, kọ́kọ́ dé ìdérí táǹkì dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, mo rí i pé ọmọ iṣẹ́ tó tú kọ́ìlì lọ́jọ́sí ti fi ṣọ́ọ̀kì da mẹ́fà nínú wọn kọ sára ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mú ìwé yẹn dání? Ó ku mélòó?”